Olú igbó nínú bíà: báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní dà bí omi ọbẹ̀?

Ará_Eugene

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin apọntí. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì gbà pé ibí ni mo ti máa rí ẹni tó máa dá mi lóhùn.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń pọn bíà nínú gáréèjì wa níbí ní Oregon. Ní oṣù kẹwàá, èmi àti ọkọ mi tẹ̀lé aládùúgbò wa kan tó mọ igbó dáadáa lọ ká olú. Chanterelle la bá bọ̀, èyí tó pọ́n bíi pupa inú ẹyin. Cantharellus formosus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, òun náà ni wọ́n fi ṣe olú ìpínlẹ̀ Oregon lọ́dún 1999. Bí mo ṣe gbé e sí imú, èso apricot ni mo ń gbọ́! Ẹni tí kò bá mọ apricot, kó rántí ìyeyè tó ti pọ́n tó já sílẹ̀ lábẹ́ igi lẹ́yìn òjò. Ó sún mọ́ ọn gan-an. Mo ní òórùn yìí gbọ́dọ̀ wọ inú bíà.

Mo gé kílò kan rẹ̀ wẹ́wẹ́, mo dà á sínú omi bálì látìgbà tí ìkòkò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó sì hó fún wákàtí kan gbáko. Lítà 19 ni mo pọn. Hops, òdòdó tó ń mú bíà korò, tí mo fi sí i kò kéré, torí mo fẹ́ràn bíà tó korò. Nígbà tí mo ṣí ìgò àkọ́kọ́, mi ò gbọ́ apricot rárá. Omi ọbẹ̀ àná ni mo bá níbẹ̀, láìsí iyọ̀, pẹ̀lú ìkorò lórí rẹ̀. Gbogbo olú tí a fẹsẹ̀ rìn wá nínú òjò ló lọ bẹ́ẹ̀.

Àsìkò olú kò tíì parí. Mo fẹ́ tún un ṣe. Ibo ni òórùn yẹn gbà lọ?

Àgbà_Tacoma

Arábìnrin, ẹ kú làálàá. Afẹ́fẹ́ gáréèjì yín ló gbé e lọ. Ohun tó ń ta sánsán lára chanterelle fúyẹ́ púpọ̀, ooru tó ń jáde lórí ìkòkò ló sì máa ń bá lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ dúró ti ìkòkò tí ẹ ń sọ pé "háà, ó ń ta sánsán o," bó ṣe ń jáde kúrò nínú ọtí nìyẹn. Ohun tí kò lè fò ló kù sílẹ̀ fún yín, adùn ọbẹ̀ náà sì ni.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Mi ò kì í rì í sómi, torí olú máa ń fa omi bíi kànìnkànìn. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń gbá iyẹ̀pẹ̀ dànù. Mo máa ń fọwọ́ ya á gẹ́gẹ́ bí ẹran adìyẹ ṣe ń ya, màá wá dà á sínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré. Ẹ má fi òróró sí i o, ẹ má fi bọ́tà sí i. Ọ̀rá kékeré báyìí máa pa ìfóófòó bíà. Omi ara olú á jáde fúnra rẹ̀, á sì gbẹ. Ìṣẹ́jú méje sí mẹ́wàá tó. Lóòótọ́ lẹ máa pàdánù díẹ̀ nínú òórùn rẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ olú igbó kì í ṣe ohun tí à ń jẹ ní tútù, chanterelle tútù sì máa ń da inú ẹlòmíràn rú. Díẹ̀ yẹn ni owó orí tí a máa san.

Bó bá ti tutù, ẹ kó o sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ da fódíkà lé e títí tó fi máa bò ó. Fún olú tó wọn 500 gíráàmù, mílílítà 350 tó mi. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má gbé e sórí iná o, ọtí líle ni, iná sì máa ń gbá ooru rẹ̀ mú. Ọtí ló mọ bá a ṣe ń fa òórùn apricot yẹn jáde. Omi kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwúkàrà bá ti jẹ ṣúgà inú bíà yín tán, tó ti dákẹ́, ìgbà yẹn lẹ máa da fódíkà àti olú náà sí i, nínú àpò tí ẹ ti sè. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ní ibi tútù fún bí ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ sì máa tọ́ ọ wò lójoojúmọ́.

Ohun kejì ni hops. Bíà tó bá máa gba olú lálejò gbọ́dọ̀ jẹ́ onílé tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò kì í kọjá IBU 15 (IBU ni òṣùwọ̀n ìkorò bíà). Bálì funfun, díẹ̀ nínú irú bálì tí wọ́n ń pè ní Munich, kò sí ohunkóhun tí wọ́n yan dúdú níbẹ̀. Ìkorò ló fi iyọ̀ sí ojú egbò nínú ìgò yín yẹn.

Tíṣà_Houston

Ẹ̀gbọ́n Tacoma ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí tó fi di omi ọbẹ̀ kún un, torí tí a bá mọ ìdí rẹ̀, á rọrùn láti sá fún un.

Lọ́dún 1908, Kikunae Ikeda ní ilẹ̀ Japan rí i pé glutamate ló ń fún ewé òkun kombu ní adùn rẹ̀. Ó sọ adùn náà ní umami. Ajínomótò tí gbogbo ìyá wa mọ̀ ti ibẹ̀ wá. Lọ́dún 1957, Akira Kuninaka wá fi hàn pé èròjà mìíràn, guanylate, wà nínú olú shiitake, àti pé bí òun àti glutamate bá pàdé lórí ahọ́n, adùn wọn máa ń di ìlọ́po ìlọ́po. Ẹni tó bá ti jẹ ọbẹ̀ tí irú pọ̀ nínú rẹ̀ mọ adùn tí mò ń sọ. Olú ní méjèèjì.

Omi gbígbóná ló ń fa adùn yìí jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í sì í bá ooru lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá se olú nínú omi bálì fún wákàtí kan ti lé òórùn rẹ̀ dànù, ó sì ti pe umami jọ. Nínú ọbẹ̀, iyọ̀ ló ń jẹ́ kí umami dùn. Bíà kò ní iyọ̀, hops sì ń korò nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ẹnu fi kọ̀ ọ́.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ́ 1-octen-3-ol. Òun ni òórùn olú gan-an, òórùn ilẹ̀ tútù tí gbogbo olú jọ ní. Ìgbà tí ẹ bá gé olú tàbí tí ẹ fọ́ ọ ló ń di púpọ̀. (Èròjà yìí kan náà wà nínú èémí màlúù, wọ́n sì máa ń fi dẹ páńpẹ́ fún eṣinṣin tsetse ní Áfíríkà. Ó máa ń yà mí lẹ́nu tí mo bá rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá ń gé olú.) Bẹ́ẹ bá fẹ́ kí apricot borí, ẹ má gé e wẹ́wẹ́ jù, kí ẹ sì jẹ́ kó kan páànù láìpẹ́ tí ẹ bá ti ya á.

Ará_Austin

Ohun tí Tíṣà sọ nípa iyọ̀ yẹn, mo ti rí i lójú ayé. Ilé ìpọntí Jester King tó wà lẹ́yìn ìlú wa níbí pọn bíà kan rí tí wọ́n pè ní Snörkel. Olú oyster ni wọ́n fi pọn ọ́, pẹ̀lú iyọ̀ òkun tí wọ́n fi èéfín igi alder yan. Bíà náà kan díẹ̀. Kíkan yẹn àti iyọ̀ gbé umami ró débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé mo wà létí òkun. Òórùn èso kò sí nínú rẹ̀ rárá, kò sì sí ẹni tó ń wá a. Nítorí náà, adùn ọbẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ o. Tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́, ẹ bá a wá iyọ̀ àti kíkan. Tó bá jẹ́ apricot lẹ fẹ́, ẹ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n.

Ará_Carbondale

Mo ń gbé ní gúúsù Illinois, ìrìn díẹ̀ sí Ava, níbi tí Scratch Brewing wà láti 2013. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa wọ igbó: ewé, èèpo igi, gbòǹgbò, olú, gbogbo rẹ̀ ń wọ inú ọtí wọn. Wọ́n máa ń fi chanterelle pọn irú bíà ilẹ̀ Faransé kan, bière de garde, bíà tí mọ́ọ̀tì, ìyẹn bálì tí wọ́n mú hù tí wọ́n sì sá gbẹ, ló gba iwájú nínú rẹ̀, tí hops sì jókòó sẹ́yìn.

Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ bí a ṣe ń ṣe é láìsọ ohun tí à ń wá. Ní imú, ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ èso, àmọ́ kì í ṣe èso tí wọ́n rọ bíi jáàmù. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan jẹ apricot nínú yàrá kan, ó sì ti jáde kẹ́ ẹ tó wọlé. Lẹ́yìn náà, mọ́ọ̀tì á dé, bíi èèpo búrẹ́dì. Kẹ́ ẹ tó gbé e mì, nǹkan kan á ta ahọ́n yín lẹ́yìn, kékeré báyìí, bí ata iyèré tí wọ́n fi sọ́bẹ̀ tí a kò rí i. Ata yẹn jẹ́ ti chanterelle fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti mu ún tán, ohun tó máa kù lẹ́nu yín ni ilẹ̀ igbó. Mo gbà pé ilẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá mú gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ kúkú lọ ra apricot.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi: níbí, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni wọ́n ń hù, òjò ló sì ń sọ adùn wọn. Èyí tí òjò ti rin gbingbin ti pàdánù òórùn rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ ká èyí tó le, tí kò tíì tóbi jù, ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí òjò ti dá.

Ará_Peckham

Ní Scotland ni mo ti ká tèmi, irú chanterelle tí wọ́n ń pè ní Cantharellus cibarius. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì lè dun àwọn tó jẹ́ pé bíà wọn gbọ́dọ̀ tutù bíi yìnyín kí wọ́n tó gbà pé bíà ni. Ẹ má mu ún bẹ́ẹ̀. Òtútù máa ń pa òórùn. Ẹ gbé ìgò náà jáde kúrò nínú fíríìjì, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ogún ìṣẹ́jú kó tó dé bíi 10°C sí 12°C, ẹ dà á sínú ife tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì pa ẹnu pọ̀. Mo mọ ẹni tó da bíà rẹ̀ nù pé kò ní òórùn. Òtútù ló ń mu.

Ìyá_Mendocino

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ chanterelle bí ẹni pé òun nìkan ló wà nígbó. Ẹ wá sí àríwá California nígbà òtútù, kẹ́ ẹ wá rí candy cap.

Olú kékeré ni, ó pupa bí biriki. Tó bá wà ní tútù, kò ní òórùn tó ń pe ènìyàn. Ẹ sá a, kó gbẹ kó máa dún, gbogbo ilé yín á máa run bí omi ṣúgà igi maple tí àwọn ará ibí ń dà sórí páńkéèkì. Àwọn onímọ̀ ní Humboldt State, William Wood àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ló tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 2012: èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní quabalactone III, òun ló ń yí padà di sotolon, èròjà tó ń run bíi maple. Sotolon náà ló wà nínú èso hulba tí àwọn Hausa ń tà lọ́jà. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn hulba rí, kó fọkàn sí i, ó máa ràn án lọ́wọ́ láti lóye ohun tí mo fẹ́ sọ.

Tó bá kéré nínú ọtí, ṣúgà jíjó ni, oyin ni, maple ni. Tó bá pọ̀ jù, ó máa di kọ́rì. Mo ti ṣe èyí tó di kọ́rì. Gíráàmù 40 ni mo fi sí lítà 19, a kò lè mu ún tán, òógùn ara wa pàápàá ń run ún ní ọjọ́ kejì. Nísinsìnyí, gíráàmù 15 gbígbẹ ni mo ń lò, kò sì yà mí lẹ́nu tí ẹlòmíràn bá ní 10 tó òun. Mo máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, màá dà á sínú omi bálì nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n sọ iná kalẹ̀. Kò ní sá lọ bíi chanterelle.

Bíà tó yẹ ẹ́ yàtọ̀ sí ti chanterelle. Bíà pupa tàbí porter (irú bíà dúdú kan), tí mọ́ọ̀tì tí wọ́n yan díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nínú rẹ̀ títí dòní ni pé imú á sọ fún yín pé ọtí dídùn ni, ahọ́n á ní rárá, kò sí ṣúgà níbẹ̀, ìwúkàrà ti jẹ ẹ́ tán. Àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jiyàn nínú ife kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn ìjà yẹn. Ẹ má fi lactose, ṣúgà inú wàrà, sí i láti parí ìjà náà.

Bẹ́ẹ bá ń ká a fúnra yín, ẹ ṣẹ́ ẹ wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kó, omi funfun tó ṣàn bíi wàrà tí wọ́n bu omi là á sì máa jáde lára rẹ̀. Èyí tí kò bá ní omi yẹn, ẹ jù ú sílẹ̀. Olú kan tó ń jẹ́ Galerina máa ń hù níbi tí òun náà ń hù, Galerina sì ń pa ènìyàn.

Nọ́ọ̀sì_Baltimore

Ẹ ṣeun mà. Ọpẹ́lọpẹ́ gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn, torí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, ọkàn mi kò balẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo olú tó ṣeé jẹ ló ṣeé bá ọtí pọ̀. Olú kan wà tó ń jẹ́ Coprinopsis atramentaria, tí orí rẹ̀ máa ń yọ́ di omi dúdú bíi yíǹkì. Àwọn kan ń jẹ ẹ́, kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Àmọ́ èròjà coprine wà nínú rẹ̀. Bí a bá mu ọtí, ara wa máa ń sọ ọ́ di acetaldehyde, lẹ́yìn náà á wá tú acetaldehyde yẹn ká. Coprine ló ń dí ọ̀nà ìtúká yẹn. Ojú ènìyàn á pọ́n, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, á máa bì. Iṣẹ́ kan náà ni oògùn Antabuse ń ṣe lára àwọn tí wọ́n fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Ẹni tó jẹ olú náà lónìí lè mu ọtí lọ́la tàbí ọ̀tunla kó sì tún mú un. Ẹ wá wo ẹni tó fi pọn bíà.

Olú morel náà, ẹ má fi sínú bíà láìsè é jinná. Ní 2023, ènìyàn méjì kú ní Bozeman, ní Montana, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ morel tí wọn kò sè tàbí tí wọn kò sè jinná.

Àwọn olú tó ń pa ẹ̀dọ̀, irú Amanita phalloides àti Galerina tí Ìyá dárúkọ, iná kò lè pa oró wọn, ọtí kò lè pa á, fírísà kò lè pa á. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún ló máa ń gbà kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ara á tún dà bí ẹni pé ó ti yá, ẹ̀dọ̀ sì ń bàjẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má dúró kó yá. Ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 1-800-222-1222, ọ̀sán tàbí òru, ọ̀fẹ́ ni.

Mo bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó fún àlejò ní bíà yìí, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Kí ẹ sì tọ́jú olú kan sínú fíríìjì láìsè é, kí àwọn oníṣègùn lè rí nǹkan wò bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀.

Ará_Carbondale

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Mo fi èyí tó ń dàrú mọ́ chanterelle níbí kún un: jack-o'-lantern. Òun náà pọ́n bí ọsàn. Àmọ́ ara igi tó ti kú ló máa ń hù sí, ní òṣùṣù, ìgbà mìíràn orí gbòǹgbò tí iyẹ̀pẹ̀ bò, ìyẹn ló fi ń tan ènìyàn jẹ. Abẹ́ orí rẹ̀ dà bí ojú ìwé tó tò léra, tó mú. Ti chanterelle dà bí iṣan tó yọ lára apá àgbàlagbà, ó sì ń pín ẹ̀ka. Ẹ ya méjèèjì sí méjì: inú chanterelle funfun, inú ìkejì pọ́n bí ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í sábà pa ènìyàn, àmọ́ èébì rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ará_Duluth

Kí n tó gbàgbé, olú kan tún wà tó ń jẹ́ chaga. Ara igi birch ló máa ń yọ sí, dúdú bí èédú. Ti òun jẹ́ òdìkejì gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Tacoma sọ: ẹ gbọ́dọ̀ sè é pẹ́. Adùn rẹ̀ dà bíi tíì dúdú, pẹ̀lú fánílà díẹ̀ àti ìkorò igi. Nínú stout, ó dára. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá pé kó má mu ún, èròjà oxalate, tó lè ba kíndìnrín jẹ́, pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

Apọntí_Kejì

Fódíkà yẹn ń kọ mí lóminú. Ṣé bíà ni à ń pọn ni àbí à ń po ọtí pọ̀?

Àgbà_Tacoma

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mílílítà 350 tí ìdá 40 rẹ̀ jẹ́ ọtí, mílílítà 140 ọtí nìyẹn, nínú lítà 19. Kò tó 1% tó fi kún un. Ẹ kàn dín mọ́ọ̀tì yín kù díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ yín o. Ẹni tí kò bá fẹ́ fódíkà, kó yan olú náà ní páànù, kó gbé e sínú fírísà títí di ọjọ́ kejì, kó wá dà á tààrà sínú bíà tí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tán. Ọtí inú bíà náà á ṣe iṣẹ́ yẹn, yóò kàn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èmi fẹ́ràn fódíkà torí pé mo lè bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ife bíà kan kí n tọ́ ọ wò, kí n tó da ìyókù sí àgbá. Ohun tí a bá ti dà sí àgbá kò ṣeé bù jáde mọ́.

Ọmọ_Oko_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ará òkè òkun. Ilé ni mo wà ní tèmi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, olú máa ń hù lórí òkìtì ọ̀gán ní oko wa, àwọn tó fẹ̀ bí àwo. Ìyá mi sì ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo. Ṣé n lè fi olú ọ̀gán sínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́?

Tíṣà_Houston

Àbúrò, o ti mú ọ̀rọ̀ wá sílé, mo sì dúpẹ́. Termitomyces ni olú ọ̀gán. Ikán fúnra wọn ló ń ṣọ̀gbìn rẹ̀ nínú òkìtì, wọ́n ń fi igi àti koríko tí wọ́n gé bọ́ ọ, àwa kàn ń ká èyí tó yọrí jáde ni. Adùn rẹ̀ dà bí ẹran adìyẹ. Umami ni látòkè délẹ̀. Kò ní òórùn èso bíi chanterelle, kò ní ti maple.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ṣe rèé tí mo bá wà nípò rẹ. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò ní hops, ìkorò kò sí níbẹ̀, ó sì ń kan díẹ̀ pẹ̀lú adùn. Ó sún mọ́ bíà tí Ará Austin sọ ju bíà Oregon lọ. Se olú náà jinná lọ́tọ̀ nínú omi díẹ̀, sẹ́ ẹ, fi iyọ̀ tíńtín sí omi náà, kó tutù, kó o bu ṣíbí kan sínú ife ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan. Ife kan ṣoṣo. Má fọwọ́ kan ìkòkò ìyá rẹ. Tó bá dùn mọ́ ọ, fi ṣíbí méjì sí ife kejì. Mu ún lọ́jọ́ náà, torí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í dúró.

Èrò ọkàn mi ni pé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló tọ́ sí olú ọ̀gán, mi ò sì fẹ́ kó o fi olú púpọ̀ ṣòfò. Àmọ́ mi ò lè sọ pé má dán an wò. Lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tà á lójú ọ̀nà ni kó o ti rà á, tàbí kí ìyá rẹ wo èyí tó o ká. Ojú tiwọn ti pẹ́ lára rẹ̀.

Ọmọ_Oko_Ìbàdàn

Ẹ ṣé sà. Ìyá mi ní ife kan yẹn náà, ojú òun ni n máa ti pò ó.

Ará_Eugene

Mo ti dé o. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá, mo ṣí ìgò lánàá.

Olú tó kẹ́yìn ní oṣù kọkànlá ni mo lò, gíráàmù 600, èyí tó le. Páànù gbígbẹ, fódíkà fún ọjọ́ mẹ́rin, IBU 14, ìwúkàrà Belgium torí mo rò pé ata rẹ̀ àti ata chanterelle máa mọ ara wọn. Mo ṣe bí ẹ̀gbọ́n Tacoma ṣe wí: mo bu fódíkà náà sínú ife mẹ́ta, díẹ̀, díẹ̀ sí i, àti púpọ̀. Ife tó pọ̀ jù ti fẹ́ máa lọ sọ́dọ̀ ọbẹ̀ padà, torí náà mo dá ìdá mẹ́rin kan nínú rẹ̀ dúró, mo da ìyókù sí àgbá. Inú mi dùn pé mo tọ́ ọ wò.

Mo gbé ìgò méjì jáde, mo mu ọ̀kan ní tútù, mo jẹ́ kí ìkejì jókòó gẹ́gẹ́ bí Ará Peckham ṣe ní. Èyí tó tutù jẹ́ bíà tó dára, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe gbé imú sí ìkejì, mo padà sínú igbó yẹn. Apricot náà wà níbẹ̀! Kò pariwo. Ó wá, ó lọ, ó tún padà wá nígbà tí ife ń móoru lọ́wọ́ mi. Ata náà dé lẹ́yìn, bí Ará Carbondale ṣe sọ, àti ilẹ̀ tútù ní ìparí. Aládùúgbò tó mú wa lọ sígbó mu ife kan pátá láìsọ̀rọ̀, ó wá ní kí n da òmíràn fún òun. Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un kó tó mu ún, Nọ́ọ̀sì.

Ìfóófòó rẹ̀ kò dúró pẹ́, mo ṣì ń wá ìdí rẹ̀. Mo rò pé páànù tí mo lò ti mọ òróró tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo máa lò lọ́jọ́ mìíràn máa jẹ́ ti olú nìkan.

Ìyá Mendocino, mo ti ra candy cap gbígbẹ, gíráàmù 10. Ó wà nínú ìgò tí mo dé pa, síbẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà ń run maple. Ìgò chanterelle mẹ́fà ló kù. Màá ṣí ọ̀kan ní oṣù kẹta, màá wá sọ fún yín bóyá apricot yẹn ṣì wà.